Atamátàsé lókè òkun: láti mọ́nkí-póòsì dé Georgia

Nínú àwọn mọ́kànlá tó ń wọ pápá, iṣẹ́ atamátàsé ló rọrùn jù lọ fún aráyé láti kà. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn lè fi odindi sáà kan ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìlábàwọ́n, kí ọ̀pọ̀ òǹwòran má sì mọ orúkọ rẹ̀. Atamátàsé tó bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ láìgbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àwọn oníròyìn á ti máa bá a ka ọjọ́. Òǹkà yìí ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń wá ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rà láti òkèèrè, òun náà ni wọ́n sì fi ń lé e. Síbẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé ohun mẹ́rin tí òǹwòran kì í rí ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó: ọjọ́ orí tí ọmọ náà fi kúrò nílé, ìwé tó fi wọ̀lú, ìlera rẹ̀, àti ètò tó ti ṣe sílẹ̀ de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wúwo.

Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà wà lára ibi tí èèyàn ti lè rí gbogbo ìpele wọ̀nyí. Stone Mountain jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Atlanta, lẹ́sẹ̀ àpáta kan ṣoṣo tó fi nǹkan bíi mítà 250 ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ. Ará Abẹ́òkúta tó bá kọ́kọ́ rí i á rántí Olúmọ, ará Ìdànrè á sì rántí òkè ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone wà lára àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ àti sí Clarkston tó múlé gbè é. Nígbà ìdíje Òlíńpíìkì 1996, inú ọgbà àpáta yìí ni wọ́n ti ta ọfà, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ sáré, tí wọ́n sì ti gbá tẹníìsì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n títì US 78 tó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta náà kọjá ń lọ sí ìlú Athens, níbi tí Nàìjíríà ti gba wúrà.

Ilé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí iyanrìn àti òpópónà ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Òkúta méjì ni òpó, àlàfo àárín wọn kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Mọ́nkí-póòsì ni wọ́n ń pè é. Níbi tí ilé ti kéré tó báyìí, kò wúlò kí èèyàn máa yìnbọn láti òkèèrè. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tan ẹni tó dúró tì í, kí ó yí i po, kí ó sì rọra ti bọ́ọ̀lù wọlé. Ilẹ̀ gbágungbàgun náà ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ohun kan: bọ́ọ̀lù lè ta sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò, nítorí náà ara gbọ́dọ̀ ti múra kí ó tó dé.

Kí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó pọ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́, ti ìjọba àti ti olówó ìlú ni àtẹ̀gùn. Kaduna ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní 1963, ṣùgbọ́n ìlú Ìrá ní Kwara ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Ó gbá fún UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kaduna, ó bọ́ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó gbá fún Abiola Babes, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Africa Sports ní Abidjan. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó dé Vitória Setúbal ní ilẹ̀ Pọ́túgàl ní 1990. Ọ̀nà Nwankwo Kanu yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúrò ní Iwuanyanwu Nationale ní Owerri, ó wà nínú ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní Japan ní 1993, ó sì wọ Ajax ní Amsterdam lọ́dún yẹn kan náà, lọ́mọ ọdún 17.

Ọdún mẹ́sàn-án tó wà láàárín ọjọ́ orí àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kékeré. Ní sáà 1993 sí 1994, Yekini gbá góòlù 21, òun ló sì gbá jù lọ ní líìgì Pọ́túgàl; Áfíríkà ti fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ fún ọdún 1993. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ tó lówó wá rà á, ìyẹn Olympiacos ti ilẹ̀ Gíríìsì, ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 31. Ìfarapa bá a níbẹ̀, àárín òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gún. Kanu ní tirẹ̀ wọlé láti ìjókòó nínú àṣekágbá ife àwọn aṣíwájú Yúróòpù ní Vienna ní oṣù karùn-ún 1995, nígbà tí Ajax na Milan ní 1 sí 0. Kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Ẹni tó tètè lọ ní àyè láti ṣubú kí ó sì dìde. Ẹni tó pẹ́ kí ó tó lọ, ìṣubú kan ṣoṣo lè jẹ ìyókù ọdún rẹ̀.

Ìtètèlọ yìí ní ewu tirẹ̀. Àwọn tó pe ara wọn ní ẹ̀jẹ́ǹtì kó ọ̀pọ̀ ọmọdé lọ sí Yúróòpù láti lọ dánra wò, nígbà tí wọn kò sì rí ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní ìgboro láìní owó ọkọ̀ àti láìní ìwé. Láti 2001 ni FIFA ti fòfin de fíforúkọ ọmọ tí kò tíì pé 18 sílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àyàfi ní ìwọ̀nba ipò díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Nítorí òfin yìí, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó dúró dáadáa nílé di pàtàkì: ti ASEC Mimosas ní Abidjan, àti Right to Dream tó bẹ̀rẹ̀ ní Ghana ní 1999. Ibẹ̀ ni ọmọ ń dúró sí di ọjọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá pé.

Òfin kan náà ló ṣètò owó tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò kò mọ̀ pé ó tọ́ sí wọn. Bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, wọ́n á yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ká ní mílíọ̀nù 22 dọ́là ni owó ìrà, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 100 dọ́là ni ìpín yìí. Ẹgbẹ́ tí ọmọ náà lo ọdún kan lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín 12 sí 15 á gba ẹgbẹ̀rún 55 dọ́là. Ẹni tó tọ́ ọ fún ọdún kan láàárín 16 sí 23 á gba ẹgbẹ̀rún 110. Ohun tó ń ya ẹni tó gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò gbà ni àkọsílẹ̀: kóòṣì tó tọ́ ọmọ fún ọdún márùn-ún láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù kò ní ẹ̀rí kankan láti mú lọ.

Nígbà tí ọmọ bá dé òkèèrè, ohun àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ ń bá pàdé ni ilẹ̀. Koríko tí wọ́n gé, tí wọ́n sì bomi rin, ń mú bọ́ọ̀lù sáré. Ẹsẹ̀ tó ti mọ́ iyanrìn lára máa ń pẹ́ jù. Òtútù ń mú kí iṣan le, nítorí náà ìmúra kí eré tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ti ilé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an. Atamátàsé a máa kẹ́yìn sí ilé tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí fún ìgbà pípẹ́ nínú eré. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbé e fún un, ó gbọ́dọ̀ ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó mọ èjìká tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ dúró sí, kí ó sì fi apá díwọ̀n ìwúwo rẹ̀. Bí ẹni náà bá fara tì í, á yí kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá jìnnà sí i, á kọjú síwájú. Kóòṣì Yúróòpù á tún fi kún un pé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́, atamátàsé ni yóò kọ́kọ́ sáré lé àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbá góòlù nílé ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún odindi ọdún kan nítorí apá ìkẹyìn yìí nìkan.

Bẹ́ǹṣì náà ní ìtàn tirẹ̀. Títí di ìparí 1995, agbábọ́ọ̀lù àjèjì mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ kan lè lò nínú ìdíje Yúróòpù, pẹ̀lú méjì mìíràn tó bá ti gbé ilẹ̀ náà pẹ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Yúróòpù lórí ẹjọ́ tí agbábọ́ọ̀lù kan, Bosman, pè ní oṣù kejìlá ọdún yẹn tú ìdè náà fún àwọn ọmọ ìlú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọmọ Áfíríkà ṣì wà nínú iye àjèjì ní ọ̀pọ̀ líìgì. Bí àyè àjèjì bá sì kéré, kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi í ṣòfò lórí ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣe rí nìyí nígbà tí ikọ̀ Òlíńpíìkì dé Georgia lábẹ́ kóòṣì Jo Bonfrere. Àwọn tí kò ju ọdún 23 lọ ló ni ìdíje náà, àfi mẹ́ta tí òfin fàyè gbà láti dàgbà jù bẹ́ẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà mú ló jẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú, Daniel Amokachi ti Everton àti Emmanuel Amunike ti Sporting ní Lisbon. Victor Ikpeba wá láti Monaco. Kanu ni balógun. Pápá Sanford ní Athens jẹ́ ti bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní láti hú ọgbà ewéko tó yí i ká láti ìgbà àwọn baba wọn kí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó lè gbà á.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje, wọ́n pàdé Brazil nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá. Ronaldo, Bebeto, Rivaldo àti Roberto Carlos wà níbẹ̀. Nígbà ìsinmi, Brazil ti fi 3 sí 1 síwájú. Lẹ́yìn ìsinmi, Okocha gbá pẹnáritì fún Nàìjíríà, Dida aṣọ́lé Brazil mú un. Ikpeba dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 78. Ní ìṣẹ́jú 90, bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín èrò níwájú ilé Brazil, Kanu sì kẹ́yìn sí òpó, kò jìnnà sí Dida rárá. Ẹni tí kò gbá mọ́nkí-póòsì rí á kánjú yìnbọn. Kanu fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀, ó yípo, ó sì tì í kọjá lára aṣọ́lé tó ń ṣubú bọ̀. Eré di 3 sí 3. Nígbà yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù ní àfikún àkókò ló borí lójú ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 94, bọ́ọ̀lù tún bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbá a, ẹni tó wá dí i lọ́nà fi ara rẹ̀ lélẹ̀, Kanu gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ló pé ọmọ 20 ọdún.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, níwájú èrò tó lé ní 86,000, Argentina ni ó kàn nínú àṣekágbá. Celestine Babayaro fi orí dá góòlù àkọ́kọ́ padà, Amokachi gbé bọ́ọ̀lù gba orí aṣọ́lé wọlé ní ìṣẹ́jú 74 láti sọ ọ́ di 2 sí 2. Nígbà tí eré ń tán lọ, Nàìjíríà gba fíríkíìkì. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Argentina sáré jáde pa pọ̀ láti fi àwọn ọmọ Nàìjíríà sí ọ́fsáídì. Amunike kò bá wọn sáré. Ó dúró de bọ́ọ̀lù, ó gbá a láti òkè, ó wọlé. Argentina ń ṣàròyé fún rẹfirí, góòlù sì dúró. Áfíríkà kò tíì gba wúrà Òlíńpíìkì nínú bọ́ọ̀lù rí kí ọjọ́ náà tó dé.

Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn ló fi hàn pé ara ni olúwa iṣẹ́ yìí. Kanu ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Inter ní Milan. Àyẹ̀wò tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ náà ṣe fún un rí àléébù nínú ìlẹ̀kùn òpójẹ̀ ńlá ọkàn rẹ̀. Ọmọ tó fi àfikún àkókò ṣeré níwájú gbogbo ayé ń gbé ohun tó lè pa á lórí pápá kiri nínú àyà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò tíì gbàgbé Samuel Okwaraji, tó ṣubú ní Súrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989 nínú eré pẹ̀lú Angola, tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Kanu ní Cleveland ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 1996, ó sì padà sórí pápá ní 1997. Ó lọ sí Arsenal ní 1999. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí Chelsea ti fi 2 sí 0 síwájú, ó gbá mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn. Ó wà nínú ikọ̀ tó lo sáà 2003 sí 2004 láìpàdánù nínú líìgì. Góòlù rẹ̀ kan ṣoṣo ló gba ife FA fún Portsmouth ní 2008. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ kan ní dókítà tó fara balẹ̀ gbọ́ ọkàn rẹ̀. Orúnkún Amunike kò rí oríire bẹ́ẹ̀. Ó dé Barcelona ní oṣù kejìlá 1996, ìfarapa dì í mú, kò lè lọ sí ife àgbáyé 1998, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 2000.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti di ibi iṣẹ́ fún atamátàsé. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni yunifásítì. Nígbà tí Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kúrò ní Òlíńpíìkì Montreal ní 1976 nítorí pé New Zealand lọ gbá rọ́gbì ní South Africa tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń ṣàkóso, Thompson Usiyan wà nínú ikọ̀ náà. Yunifásítì Appalachian State ní North Carolina ló lọ, góòlù 109 ló sì gbá fún wọn, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá rí ní ìpele àkọ́kọ́ líìgì àwọn yunifásítì. Ọ̀nà kejì ni MLS, líìgì bọ́ọ̀lù ńlá Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ eré ní oṣù kẹrin 1996. Níbẹ̀, líìgì fúnra rẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù ń bá ṣe àdéhùn, iye àyè àjèjì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkà. Ẹni tó bá gba ìwé ìgbélùú kúrò nínú iye àjèjì, ẹgbẹ́ á sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i láìjẹ́ pé ó fi góòlù kan kún tirẹ̀. Kei Kamara sá kúrò nínú ogun Sierra Leone, ó dé California gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé, ó lọ sí yunifásítì níbẹ̀, Columbus Crew sì mú un ní 2006. Ẹgbẹ́ tó lé ní mẹ́wàá ló gbá fún nínú líìgì náà, nígbà tó sì di 2024, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ní góòlù jù ú lọ nínú ìtàn rẹ̀.

Atlanta United wọ líìgì yìí ní 2017, ó sì gba ife rẹ̀ lọ́dún kejì. Ní oṣù kejì 2025, ó ra Emmanuel Latte Lath, atamátàsé ọmọ Côte d'Ivoire, láti Middlesbrough, iye tí ìròyìn sì sọ tó mílíọ̀nù 22 dọ́là. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà, gẹ́gẹ́ bíi Yekini nígbà tó dé Setúbal. Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Atalanta ní Ítálì ló ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n yá a fún ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tí góòlù fi dé ní St. Gallen ti Switzerland, lẹ́yìn náà ní Middlesbrough.

Ọmọ tí wọ́n bí ní Stone Mountain fún òbí tó wá láti Ìbàdàn tàbí Kumasi gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ìwé tí Kamara fi ọ̀pọ̀ ọdún wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Ohun tí kò ní ni mọ́nkí-póòsì. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ń gba owó: owó ìforúkọsílẹ̀, owó aṣọ, epo ọkọ̀ láti lọ gbá eré ní ìpínlẹ̀ mìíràn lópin ọ̀sẹ̀. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn ni yóò tún wakọ̀ lówùúrọ̀ Sátidé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ńlá tí kì í gba owó kò gbà ju ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà náà ń já: George Bello, tí wọ́n bí ní Abuja tí wọ́n sì tọ́ dàgbà ní Georgia, wọlé fún Atlanta United ní 2018 lọ́mọ ọdún 16, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni.

Ìpele ìkẹyìn ni ìpadàbọ̀, òun sì ni wọ́n kì í sábà múra fún. Ọdún tí atamátàsé fi ń gba owó gidi kì í sábà ju mẹ́wàá lọ, ẹbí tó ń retí nínú rẹ̀ sì pọ̀ ju ọdún náà lọ. Yekini ló gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ife àgbáyé, ní Dallas ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tó ń ké. Ó gbá 37 fún Nàìjíríà. Ìbàdàn ló padà sí, ó ń dá gbé, ó sì kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2012, lọ́mọ ọdún 48. Amunike di kóòṣì, ó sì gba ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ pẹ̀lú Nàìjíríà ní 2015. Kanu dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2000 tó ń sanwó iṣẹ́ abẹ ọkàn fún àwọn ọmọdé.

Àpẹẹrẹ tó pẹ́ jù wá láti Atlanta. Ní 1968, ẹgbẹ́ Atlanta Chiefs, tó ní Willie Evans ọmọ Ghana nínú àwọn ará Áfíríkà tó gbà síṣẹ́, na Manchester City tó jẹ́ aṣíwájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ife Amẹ́ríkà. Lára àwọn atamátàsé rẹ̀ ni Kaizer Motaung láti South Africa. Motaung padà sílé, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Soweto ní 1970. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú Chiefs tó mú bọ̀ láti Georgia, ó sì pè é ní Kaizer Chiefs. Ẹgbẹ́ Atlanta náà ti tú ká tipẹ́. Ti Soweto ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù.